Ẹni Tó Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Àgbà, Kí Ó Dá A Padà sí Etí Àgbà: Bí A Ṣe Kọ Ìtàn Kétu, àti Bí Ó Ṣe Yẹ Kí A Máa Gba Ìmọ̀ Ìlú Sílẹ̀

    

Ní àsìkò ọdún bí èyí, àlejò máa ń pọ̀ láàárín wa. Àwọn kan gbé kámẹ́rà kọ́rùn, àwọn kan mú ìwé àti bírò dání, àwọn mìíràn na fóònù sí ẹnu àgbà. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí a ti wá, ewé tí a fi ń wo ibà, ìdí tí Gẹ̀lẹ̀dé fi ń jó àti ohun tí orin Ẹ̀fẹ̀ ń wí. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe, a kò sì lé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwa onílé kì í sábà bi ara wa: nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kúrò lẹ́nu àgbà wa tí ó wọ inú ìwé, báwo ni ó ṣe ń rìn, kí ni ó ń sọ nù lọ́nà, ṣé ó sì máa ń padà wá sílé? Ìtàn bí wọ́n ṣe kọ ìtàn Kétu gan-an lè dá wa lóhùn.

Kí ìwé tó dé

Kì í ṣe pé a kò ní ọ̀nà ìwádìí kí àwọn òyìnbó tó dé. Kétu ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ìtàn ìlú lórí. Baba Ẹlẹ́gùn ni oyè rẹ̀, oyè ìdílé sì ni. Nígbà tí ọba tuntun bá ń gorí ìtẹ́, òun ni ó ń ka ìtàn ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Kì í ṣe ìkọ̀kọ̀ ni ó ti ń sọ ọ́. Ojú ọba àti ìjòyè ni, láàárín àwọn tí etí wọn ti gbọ́ ìtàn náà rí. Ẹ wo ohun tó wà nínú ètò yìí: ẹnì kan wà tí a lè mú sí ọ̀rọ̀ náà, ọjọ́ kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ ọ́, àwọn ẹlẹ́rìí sì wà tí yóò mọ̀ bí ó bá ṣì í sọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí ni oríkì ìdílé, tí àwọn obìnrin ilé mọ̀ ju ọkùnrin lọ. Orin Ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń dárúkọ ohun tí ìlú fẹ́ràn àti ohun tí ó kọ̀. Ilẹ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá dúró ní Àkàbà Ìdènà, tí ó gbọ́ ìtàn abuké tí wọ́n ní a sin síbẹ̀, tí ó sì wo ibi tí yàrà ìlú gbà kọjá, yóò mọ̀ pé ibẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Baba Ẹlẹ́gùn ń sọ ti ọba, oríkì ń sọ ti ìdílé, orin ń sọ ti ará ìlú, ilẹ̀ sì ń jẹ́rìí. Àwọn àgbà bọ̀ wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ni. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń kọ́ ní yunifásítì lónìí, pé kí a fi ẹ̀rí kan wo èkejì, òwe yìí ti sọ ọ́.

Àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀

Ní ọdún 1853, Samuel Ajayi Crowther rìn láti Abẹ́òkúta dé Kétu, ó sì kọ ìròyìn ohun tí ó rí. Àlùfáà ni, iṣẹ́ ìyìn rere ló bá wá. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ òyìnbó tó tẹ̀ lé e kò ní: òun àti Alákétu lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀ láàárín.

Lẹ́yìn èyí ni ogun dé. Ní 1886, ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ Kétu. Wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ, ìlú sì di ahoro títí àwọn Faransé fi ṣẹ́gun Dàhòmì, tí àwọn ọmọ Kétu sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé ní nǹkan bí 1893 sí 1894. Kì í ṣe ilé nìkan ló bàjẹ́ nínú ogun yẹn. Gbogbo àgbà tó kú lójú ọ̀nà tàbí ní ìgbèkùn ló gbé apá kan ìtàn ìlú lọ. Ìtàn tí a ní lónìí, ohun tí àwọn tó padà bọ̀ rántí ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ jókòó ti irú àwọn bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé ni Fádà Thomas Moulero. Ọmọ Kétu ni, òun náà sì ni ọmọ Dàhòmì àkọ́kọ́ tó di àlùfáà Kátólíìkì, ní 1928. Ìwé ìròyìn kan wà ní Àjàṣẹ́ nígbà náà, La Reconnaissance Africaine, tí Fádà Francis Aupiais dá sílẹ̀ ní 1925 láti fi hàn pé àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí ní ọgbọ́n tó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún. Nínú rẹ̀ ni Moulero ti tẹ àròkọ rẹ̀ lórí ìtàn Kétu, ibẹ̀ náà sì ni Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́, ti kọ̀wé. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ní àkókò yẹn, ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí Kétu fọ́ kò tíì ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ púpọ̀. Moulero bá ojú tó rí ogun sọ̀rọ̀. Bí ó bá ní kí òun sinmi díẹ̀ kí òun tó béèrè ni, ì bá bá ilé òfìfo. Lẹ́yìn náà ó kọ ti Ṣábẹ̀ẹ́ pẹ̀lú, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1964.

Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Édouard Dunglas, òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé, kó ìtàn Kétu pọ̀ mọ́ ti Dàhòmì. Geoffrey Parrinder, tó ti ṣiṣẹ́ ní Dàhòmì kí ó tó lọ kọ́ni ní Ìbàdàn, tẹ odindi ìwé lórí Kétu ní 1956. Ní 1976 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí ohun tí ìjọba àwọn òyìnbó ṣe sí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Òun ló fi hàn wá dáadáa pé ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 pín ẹ̀rí wa sí méjì: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ka ìwé Àjàṣẹ́ láìka ti Ìbàdàn, ìdajì ìtàn ló ń kà. Ẹbí tí kò pín ni wọ́n fi ààlà pín.

Ọ̀nà mìíràn ni Pierre Verger gbà. Ará Faransé ni, ayàwòrán ni, ó sì ti fi Bahia ní Brazil ṣe ilé. Ní 1953, ní Kétu níbí, ó di babaláwo, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Kò jókòó bí akọ̀wé ilé-ẹjọ́ kí ó máa da ìbéèrè bo àgbà. Ó di ọmọ awo, ó sì ń kọ́ ohun tí wọ́n bá rí i pé ó tó kọ́. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ó fi mọ ohun tí ẹni tó kàn ń ka ewé kì bá mọ̀: pé orúkọ ewé àti ọfọ̀ rẹ̀ so mọ́ ara wọn. Ẹ gbọ́ orúkọ àbámọdá: àbá wà nínú rẹ̀, dídá wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ àbá dídá náà ni a sì ń fi ọfọ̀ rán an. Ẹni tó bá já ewé náà lọ láìgba ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìdajì oògùn ló mú lọ.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Gbogbo àwọn wọ̀nyí ṣe wá lóore. Síbẹ̀, ìwé tí ọwọ́ ènìyàn kọ kò lè má ní àléébù.

Àṣìṣe kìíní ni ti ẹni tí a bi léèrè. Ààfin ni àlejò sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá parí ìbéèrè rẹ̀ síbẹ̀, ìtàn ọba àti ogun nìkan ni yóò kó lọ. Ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú wa fúnra rẹ̀ sọ pé obìnrin àgbàlagbà kan ni àwọn tó kọ́kọ́ dé gba iná lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dé tí ọkùnrin ń gbé jó, Ìyáláṣẹ̀ ni olórí rẹ̀. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí a tó rí ìwé tó fi àwọn obìnrin Kétu ṣe kókó. Ní 2011 ni Lorelle Semley, onímọ̀ ìtàn ará Amẹ́ríkà, tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde, tó sọ nípa àwọn ìyá àti ayaba wa, títí kan Alaba Ida, ayaba Alákétu Onyegen, tí àwọn Faransé gbé agbára ìṣàkóso lé lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá.

Àṣìṣe kejì ni ti èdè. Bí ọmọ Kétu bá ní "bàbá mi", ó lè jẹ́ ẹni tó bí i, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni tó bí i. Bí a bá ní lágbájá jẹ́ ọmọ ọba kan, ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè ni. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo dípò gbogbo èyí, tí ó sì fi ka ìran àwọn ọba, yóò sọ ẹbí di ohun tí kì í ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí wọ́n bá túmọ̀ "àwọn ìyá wa" sí ọ̀rọ̀ tó burú, tí ọlá àti ìbẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀ sì pòórá.

Àṣìṣe kẹta ni ti ìṣírò. Ọjà ọrọọrún ni a ń pè é, nítorí a ka ọjọ́ tí a ná an mọ́ ọn. Ní ìṣírò òyìnbó, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọjà náà ń bọ̀. Olùwádìí tí kò mọ èyí yóò kọ márùn-ún, yóò sì fi ìṣírò náà ba ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ òrìṣà jẹ́ tán.

Àṣìṣe kẹrin ni ti ìbéèrè tí a kì í béèrè. Ìwé ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: ọmọ mélòó ni ẹ bí? Ṣùgbọ́n a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá tí a bi bẹ́ẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín, yóò sọ iye kan, àlejò yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí òtítọ́. Ìwà ọmọlúàbí àgbà ti di irọ́ nínú ìwé, kì í sì í ṣe àgbà ló purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ, kí ó má dà bíi pé mò ń bú ẹlòmíràn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ṣe ògbufọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pa aró láyé àtijọ́. A lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan. Akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń fi sínú ìkòkò. Ìyá kò dáhùn tààrà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ó sọ bí wọ́n ṣe sá lọ tí wọ́n sì padà, ó dá orin aró kan, ó sọ ọjọ́ tí a kì í ṣí ìkòkò àti ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, ó ń rẹ̀ mí. Nígbà tí ìyá dákẹ́, mo yíjú sí akẹ́kọ̀ọ́, mo sì sọ fún un ní Faransé pé: ewé èlú ni àti eérú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, a sì dìde.

Ìyá yẹn ti lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò pa aró. Fóònù akẹ́kọ̀ọ́ náà gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n a kò béèrè fún ẹ̀dà, kò sì sí ẹni tó mú un padà wá. Gbogbo ìtàn wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fi rọ́pò wọn. N kò lè di ẹ̀bi náà ru àlejò. Ọmọ ilé ni mí, etí mi ló gbọ́.

Orúkọ kan tó sọdá òkun

Bí ẹ bá rò pé orúkọ lásán kò já mọ́ nǹkan, ẹ gbọ́ èyí. Ní Salvador, ìlú ńlá ní Bahia, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní ilé Alákétu. Ìtàn ilé náà sọ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Otampê Ojarô ló dá a sílẹ̀, pé ọmọ ìdílé ọba Kétu ni, ogun Dàhòmì ló sì kó o lọ ní kékeré. Onímọ̀ ará Bahia kan, Vivaldo da Costa Lima, kò gba ìtàn náà gbọ́ lásán, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé orúkọ Ojarô wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn ìdílé tó ń jọba ní Kétu, ó sì rí i pé ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Aro.

Ẹ wò ó bí ó ti rí. Òkun wà láàárín, èdè Potogí ti borí èdè Yorùbá níbẹ̀, àwọn tó ń pe orúkọ náà kò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, nítorí pé wọ́n di orúkọ náà mú bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, àti nítorí pé àwọn ará ilé níbí kò gbàgbé orúkọ ìdílé wọn, ẹ̀rí méjèèjì pàdé. Bí ògbufọ̀ kan bí èmi bá ti ké e kúrú lójú ọ̀nà, ọ̀nà ilé ì bá ti dí pa.

Ohun tí a kò tíì dá padà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ìjọba Faransé dá ohun mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ọmọ ogun wọn kó ní ààfin Dàhòmì padà fún orílẹ̀-èdè wa. Gbogbo ayé rí i, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtẹ́ àti ère nìkan ló ti ilẹ̀ yìí lọ. Ohùn lọ, orin lọ, àwòrán lọ, orúkọ ewé lọ. Púpọ̀ nínú wọn, ẹnikẹ́ni kò jí wọn. Àwa la fi ayọ̀ fún àlejò, a sì gbàgbé láti béèrè.

Àkókò sì ti yí padà. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dé ní 2001, tí wọ́n sì fi sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà gbogbo ayé ní 2008, orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò ló wà lórí rẹ̀. Àdéhùn 2003 tí àkọsílẹ̀ náà dúró lé sọ pé kí àwọn orílẹ̀-èdè sapá kí àwọn tó ni àṣà lè wà nínú iṣẹ́ títọ́jú rẹ̀. Ní ti ewé àti oògùn, àdéhùn Nagoya tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí ní 2010 sọ pé kí olùwádìí gba àṣẹ kí ó tó mú ìmọ̀ ìlú lò, kí àwọn tó ni ín sì jẹ nínú èrè rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá béèrè fún ẹ̀dà, a kò ṣe ìwọ̀ra. Ẹ̀tọ́ wa ni.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ̀yin aṣojú kọmúùnù, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀. Ẹ fún wa ní yàrá kan tí òjò kò ní rọ̀ sí, tí ẹnì kan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, níbi tí ìwé, àwòrán àti ohùn tí a gbà sílẹ̀ nípa ìlú yìí yóò máa wà. Kí olùwádìí tó bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun yóò fi ẹ̀dà ohùn àti ẹ̀dà ìwé òun sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé, ẹ má dúró de àlejò. Fóònù ọwọ́ yín tó iṣẹ́. Ẹ gba ohùn àgbà sílẹ̀ ní èdè tó fi ń sọ̀rọ̀, láìké e kúrú. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi tó ti sọ ọ́, ọjọ́ tó sọ ọ́, àti ẹni tí òun náà ti gbọ́ ọ. Ẹ bi ọkùnrin, ẹ bi obìnrin, ẹ bi ará ààfin, ẹ bi ará oko. Bí àwọn ìtàn kò bá dọ́gba, ẹ má fi ọgbọ́n ara yín yan ọ̀kan. Ẹ kọ gbogbo wọn. Ohun tí àgbà bá ní kí ó má jáde nínú awo, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú awo.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù: ẹ padà. Ẹ padà lọ bá àgbà náà, ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí i létí. Yóò ní, "Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo wí." Yóò tún un ṣe, yóò sì rántí èyí tó gbàgbé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí Baba Ẹlẹ́gùn ṣe ń sọ ìtàn láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ìtàn tí àwọn onítàn kò tíì gbọ́ padà, kò tíì pé.

Àwọn àgbà tó wà níjòókòó lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí wọn sí, kò ní fi wọ́n ṣe àwátì láàárín wa. Kétu kò ní fọ́ mọ́, ẹnu tó ń ròyìn rẹ̀ kò sì ní pa mọ́.